Àwọn Àwo Orin Tí A Ń Gbádùn Lọ́wọ́lọ́wọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi wá léèrè ohun tí àwa mélòó kan ń gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé nígbà tí àwọn yòókù bá wà lórí pápá. Àwọn kan ní orin òyìnbó tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú ni, pé kò sí ohun tí ẹni tí yóò di olùkọ́ lè rí mú níbẹ̀. Àwa pẹ̀lú ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ dárúkọ àwo mẹ́ta tí a ń gbádùn báyìí, kí a sì ṣàlàyé bí a ti ń gbọ́ wọn.

Èkíní ni orin mẹ́fà tí J. S. Bach, ará Jámánì, kọ fún sẹ́lò nìkan ní nǹkan bí ọdún 1720. Ẹni tí kò bá mọ sẹ́lò, kí ó fi ọkàn wo gòjé ńlá olókùn mẹ́rin, tí ẹni tí ń ta á jókòó, tí ó sì gbé e sí àárín orúnkún rẹ̀. Pablo Casals, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ni ó ta á nínú àwo tiwa. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ó rí ìwé orin náà nínú ilé ìtajà kan ní Barcelona. Ní ayé ìgbà náà, ìdánrawò fún akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Casals fi ọdún 12 kọ́ ọ kí ó tó ta ọ̀kan nínú wọn lójú àwùjọ. Láàárín 1936 sí 1939 ni ó sì gba gbogbo rẹ̀ sórí àwo.

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọ̀kan nínú wa sùn lọ. Òmíràn béèrè bí ọkùnrin náà kò bá ní elégbè. Nígbà tí a gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta ni a tó mọ̀ pé elégbè ń bẹ: ohùn ìsàlẹ̀ á gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ohùn òkè á dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò kan ṣoṣo ni ó ń ṣe méjèèjì.

Èkejì ni Símfónì Karùn-ún ti Beethoven, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Vienna ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1808, nígbà tí etí ẹni tí ó kọ ọ́ ti ń di. Ohùn mẹ́rin péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀: mẹ́ta kúkúrú lójú kan náà, àti ọ̀kan gígùn tí ó rẹlẹ̀ jù wọ́n lọ. Ibí yìí ni àwa ti ṣìnà. Nítorí pé dùndún a máa sọ̀rọ̀, a ń wá ọ̀rọ̀ tí ohùn mẹ́rin náà ń sọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ìbéèrè tí ó yẹ ni pé, níbo ni wọ́n wà nísinsìnyí? Ẹ ó bá wọn ní ẹnu fèrè, ẹ ó bá wọn lórí okùn. Ní abala kẹta, àwọn fèrè onídẹ yóò tún fi agbára gbé wọn dé. Ní abala kẹrin, tròmbónù, tí ó ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò dá sí i, orin náà yóò sì bọ́ sínú ayọ̀.

Ní ayé giramafóònù àtijọ́, ojú kan àwo kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ. Nígbà tí Arthur Nikisch darí ẹgbẹ́ olórin Berlin láti gba símfónì yìí sílẹ̀ ní 1913, ojú àwo mẹ́jọ ni ó kún. Olùgbọ́ ní láti máa dìde yí àwo padà, títí àwo gígùn fi dé ní 1948. Lónìí, orí fóònù ni a ti ń gbọ́ ọ láìdúró. Ṣùgbọ́n a ti yá àṣà àwọn ará àtijọ́ lò. Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin bá pé, a ó dá a dúró, olúkúlùkù yóò sọ ohun tí ó gbọ́, a ó sì tún un gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó súnmọ́ ilé jù. Fela Sowande, tí a bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, tí ó sì kú ní Amẹ́ríkà ní 1987, ni ó kọ African Suite ní 1944, nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ohun èlò olókùn àti hápù ni ó kọ ọ́ fún, abala márùn-ún ni ó sì ní. Inú rẹ̀ ni ó ti lo orin Ephraim Amu, ará Ghana. Orin háíláìfù ni ó sì sọ di abala ìkẹyìn tí a ń pè ní Akinla. Abala yìí ni ètò rédíò kan ní Kánádà fi ṣe orin ìdánimọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní sáà tí ó kọjá, nígbà tí a lọ kọ́ ọmọ fún ìdánwò iṣẹ́ olùkọ́, a mú Akinla dé iwájú kíláàsì kẹrin. Àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mi orí. Ọmọkùnrin kan béèrè òyìnbó tí ó kọ ọ́. Nígbà tí a wí fún un pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un ṣe.” Bí ó bá jẹ́ pé àwa fúnra wa kò gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìbá ti tì wá lójú, nítorí ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e pọ̀.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi orin ilẹ̀ wa sílẹ̀ nítorí ti òkèèrè. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, kí ẹ sì gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó ṣe ìdájọ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí ń bọ̀, àyè ń bẹ lórí bẹ́ǹṣì wa. Kí ẹni tí ó bá ní àwo tí ó ń gbádùn mú un lọ́wọ́ wá.