Ta ni ó gba owó ìrànwọ́ àgbẹ̀?



Bí ajílẹ̀ òyìnbó tí ìjọba dín owó rẹ̀ kù bá dé abúlé, tí wọ́n pín in tán, tí tiyín kò tó, kí ni ẹ máa ń bèèrè? "Ta ni ó gbà á? Àpò mélòó ni ó gbà?" Àwọn ará Yúróòpù náà bèèrè bẹ́ẹ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí èsì.

Láti ọdún 1962 ni àwọn ìjọba ibẹ̀ ti ń da owó pọ̀ láti ran àgbẹ̀ wọn lọ́wọ́. Owó ìlú ni. Nínú gbogbo owó tí ẹgbẹ́ wọn ń ná lónìí, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó ń lọ sí ọ̀ràn oko. Ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀, wọn kì í sọ orúkọ àwọn tí ó gbà á.

Ní 2004, ìjọba Dẹ́nmákì gbé ìwé orúkọ jáde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2005. Ẹnu ya àwọn ènìyàn. Wọ́n rí orúkọ ilé iṣẹ́ ṣúgà ńlá, wọ́n rí ti àwọn ọlọ́lá onílẹ̀. Oko Ọbabìnrin Elizabeth pàápàá wà níbẹ̀!

Ẹ má pè wọ́n ní olè o. Bí òfin ti wí ni wọ́n gbà á. Ìwọ̀n ilẹ̀ ni wọ́n fi ń pín púpọ̀ nínú owó náà: ẹni tí ó ní ẹ́kítà 5 gba ti 5, ẹni tí ó ní 1000 gba ti 1000. Àwọn aláṣẹ wọn fúnra wọn ṣírò rẹ̀ pé, bí àgbẹ̀ bá jẹ́ 100, àwọn 20 ni ó ń kó bí 80 nínú 100 fúránkì tí a pín.

Inú gbogbo àgbẹ̀ kò dùn sí ìwé orúkọ yìí. Àwọn kan ní Jámánì pe ẹjọ́. Wọ́n ní, "Èwo ni ti aládùúgbò mi nínú ohun tí ń wọ àpò mi?" Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2010, ilé ẹjọ́ Yúróòpù ní kò tọ́ láti tú orúkọ olúkúlùkù síta láìwo iye tí ó gbà. Ní 2013, wọ́n ṣe òfin tuntun: a óò máa kọ orúkọ, ṣùgbọ́n àwọn tí owó wọn kéré, tí kò ju bí 1250 yúrò lọ lọ́dún, a kò ní dárúkọ wọn. Bí 820 000 fúránkì wa ni ìyẹn. Lójú tèmi, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gba díẹ̀ kọ́ ni a ń wá.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá, pàápàá ẹ̀yin olóko òwú. Ní 2003, Bẹ̀nẹ̀, Burkina Faso, Mali àti Chad gbé ẹ̀sùn lọ sí àjọ ìṣòwò àgbáyé ní Jẹ̀nífà: owó tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń fún olóko òwú wọn ń mú kí òwú pọ̀ jù lọ́jà, iye rẹ̀ sì ń já wálẹ̀, títí kan tiwa.

Nílé ńkọ́? Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin ìròyìn ti 2015 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìwé ìjọba. Òfin ti Tógò jáde ní 2016. Nítorí náà, bí wọ́n bá pín ajílẹ̀, ẹ lè bèèrè ìwé tí wọ́n fi pín in. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sílé. Bí ìwé náà bá dé ọwọ́ yín, ẹ má wá akọ̀wé kankan. Ẹ kà á fúnra yín.