Àwọn Àgbà Bosomtwe Ti Wí Bẹ́ẹ̀ Kí Àwọn Onímọ̀ Tó Dé

Ẹni tó bá ti gbé Kumasi rí, pàápàá ní àwọn àdúgbò tí àlejò pọ̀ sí bíi Sawaba, Asawase àti Aboabo, á ti gbọ́ orúkọ Bosomtwe. Adágún ni, kò sì jìnnà. Nǹkan bíi 30 kìlómítà ni sí Kumasi. Ọkọ̀ á gba Kuntanase, á máa lọ láàárín òkè, ìgbà tó bá yá ilẹ̀ á là sílẹ̀ níwájú, omi tó tẹ́ rẹrẹ á wá yọ nísàlẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bu omi sínú igbá ńlá tí òkè fi ara ṣe etí rẹ̀. Abono ni ìletò tí ọ̀nà náà já sí.

Ọ̀pọ̀ àlejò kì í ṣe ju kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n jẹ ẹja, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n sì padà sílé. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà lójú omi náà tó yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò. Èkíní ni àwọn apẹja tó jókòó sórí pákó kan ṣoṣo, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán wa omi lọ. Èkejì ni àwọn òkú igi tó dúró ṣánṣán nínú omi, láìní ewé, bí òpó ilé tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí lọ. Igi kì í ti inú omi tó jìn tó bẹ́ẹ̀ hù. Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀?

Ìletò tó yí adágún náà ká tó nǹkan bí 30, ìtàn kan náà sì ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ nípa bí èèyàn ṣe kọ́kọ́ débẹ̀. Wọ́n ní ọdẹ kan wà tí ń jẹ́ Akora Bompe, ará ìlú Asaman. Ní ọdún 1648, ó ta ẹtu kan lọ́fà nínú igbó kìjikìji, ẹtu náà ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ, ọdẹ ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹtu já sínú omi kékeré kan, ó sì pòórá. Ọdẹ dúró títí, kò rí ẹran mọ́. Dípò kó padà sílé, ó tẹ̀dó sí etí omi náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹja. Ó gbà pé òrìṣà kan ló wà nínú omi yẹn tó gba ẹtu là. Ní èdè Twi, òrìṣà ni «bosom», ẹtu sì ni «ɔtwe». Ibẹ̀ ni orúkọ Bosomtwe ti jáde.

Yorùbá tó bá gbọ́ ìtàn yìí, Òṣogbo ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Níbẹ̀ náà, Tìmẹ́hìn ọdẹ ló ṣáájú dé etí odò, òun àti Ọláròóyè ni wọ́n sì bá Ọ̀ṣun mulẹ̀, àdéhùn tí wọn kì í fi í pa ẹja ibẹ̀ títí dòní. Ọdẹ ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí ilẹ̀, omi ló sì máa ń dá a dúró.

Ti ọdún 1648 yẹn, kéèyàn má fi gbogbo ara lé e, nítorí ìtàn ẹnu kì í ka ọdún bí kàlẹ́ńdà ti ń kà á. Ohun tó yẹ kéèyàn di mú nínú ìtàn náà ni gbólóhùn kan tí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ máa ń fò dá: omi kékeré. Adágún tó wà níbẹ̀ lónìí fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́jọ láti etí kan dé ìkejì, ó sì jìn tó nǹkan bí mítà 80. Kò sí ẹni tó máa rí i tó máa pè é ní omi kékeré. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí kò bá ka ìtàn àgbà sí lè sọ pé àbùmọ́ àwọn baba ńlá ni.

Ọ̀rọ̀ bí kòtò adágún náà ṣe ṣẹ̀ pàápàá ti fa àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀. Àwọn kan ní òkè oníná ló bẹ́ níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960 ni ẹ̀rí jáde, láti inú àwọn òkúta ibẹ̀, pé nǹkan kan ló já láti ojú ọ̀run. Kì í ṣe ẹdùn àrá ti Ṣàngó o. Òkúta gìrìwò ni, tó já lu ilẹ̀ ní mílíọ̀nù kan ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, tó sì gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá ààbọ̀. Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ dúdú tó ń dán bí ìgò, tí wọ́n ń rí he ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, láti ibi ìbúgbàù ọjọ́ náà ni wọ́n ti fò lọ.

Òjò ló kún kòtò yìí. Kò sí odò kankan tó ń ṣàn jáde nínú rẹ̀, èyí sì ni ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Bosomtwe yàtọ̀. Òjò ló ń bọ́ ọ, oòrùn ló ń fà á. Bí òjò bá pọ̀ fún ọdún púpọ̀, omi á gòkè, á lé èèyàn kúrò ní etí rẹ̀. Bí òjò bá dín, omi á fà sẹ́yìn, ilẹ̀ á yọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni lọ́dọọdún, ẹrẹ̀ díẹ̀ ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ìpele lórí ìpele, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà lè máa kà bí ojú ewé ìwé.

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ wá sójú omi náà. Wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí dé ibi tí òkúta ojú ọ̀run ti fọ́ ilẹ̀. Ní 2009, Timothy Shanahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n kà nínú ẹrẹ̀ adágún náà jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ó dá lórí nǹkan bí 3,000 ọdún tó gbẹ̀yìn. Wọ́n rí i pé ọ̀dá kì í ṣe àlejò ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀dá tó mú ilẹ̀ Sahel láàárín 1968 sí 1974, tí màlúù kú lọ bẹẹrẹ, kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kan tó ti kọjá. Èyí tó gùn tó sì gbẹ̀yìn nínú àwọn ńlá náà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1400, ó sì tó nǹkan bí 1750 kó tó tán.

Àwọn òkú igi tó wà lójú omi kún ẹ̀rí náà. Nígbà ọ̀dá yẹn, adágún fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ gbígbẹ yọ, igbó sì hù sórí rẹ̀. Igi dàgbà, ó nípọn, ó tanná, ó so. Nígbà tí òjò padà, omi gòkè bá wọn ní ìdúró, ó sì pa wọ́n síbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn fi ìdí múlẹ̀ ní ibi tí omi ti jìn tó mítà 15 sí 20 lónìí.

Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn ọdẹ. Àárín 1400 sí 1750 ni 1648 bọ́ sí. Lásìkò tí àwọn àgbà ní Akora Bompe dé etí omi, adágún náà ti fà sẹ́yìn gan-an lóòótọ́, igbó sì wà níbi tí omi wà báyìí. Ẹrẹ̀ kò sọ pé ẹtu kan wọ omi tó sì pòórá. Ìyẹn wà lọ́wọ́ òrìṣà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ló rí adágún náà nígbà tó kéré, ó sọ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ sọ fún ọmọ, títí tí R. S. Rattray, òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ nípa àṣà Asante, fi kọ ọ̀rọ̀ adágún náà sínú ìwé rẹ̀ Ashanti ní 1923. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ̀rọ tó wá gbẹ́ ẹrẹ̀.

Rattray mẹ́nu kan ohun mìíràn tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ, pé nígbà mìíràn adágún máa ń yìn ẹ̀tù bí ẹni yìnbọn. Omi á yí àwọ̀ padà, òórùn burúkú á gbòde, ẹja á sì léfòó lọ́pọ̀ yanturu, tí tọmọdé tàgbà á máa fi apẹ̀rẹ̀ kó wọn. Èyí náà ní ìdí. Ewé àti ohun mìíràn tó ń jẹrà nísàlẹ̀ omi máa ń tú afẹ́fẹ́ olóòórùn sílẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ omi bá rú wá sókè, afẹ́fẹ́ yìí á bá a wá, ẹja ò ní rí èémí mí.

Èèwọ̀ ibẹ̀ ni ó kàn. Irin kò gbọdọ̀ kan omi Bosomtwe, nítorí náà ìwọ̀ onírin kò sí, ọkọ̀ ojú omi kò sí. Pákó tí wọ́n fi ń pẹja ni wọ́n ń pè ní padua: igi fúyẹ́ kan tí wọ́n gbẹ́ pẹrẹsẹ, tí apẹja á jókòó lé, tí á sì máa fi ọwọ́ tu omi. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ òrìṣà náà, wọn kì í pẹja lọ́jọ́ náà. Òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní Abrodwum, ibẹ̀ ni ojúbọ. Bí ẹja bá wọ́n jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rúbọ, wọ́n a sì fi màlúù bọ omi. Ìgbàgbọ́ Asante ni pé ọkàn ẹni tó kú máa ń yà síbẹ̀ kó tó lọ, kó lè dágbére fún òrìṣà.

Ẹni tó bá ń fi èèwọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, kó wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Adágún tí kò ní odò tó ń jáde kò lè rí ẹja láti ibòmíràn kún tirẹ̀. Irú èpìyà kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé. Pákó kan kò lè gbé àwọ̀n ńlá, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni ẹja fi ń sinmi. Àwọn tó ṣe òfin náà lè má ronú bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin ìpẹja ni wọ́n ṣe, ó sì pẹ́ tó òfin ìjọba èyíkéyìí.

Báyìí, òfin náà ti ń fẹjú. Ọkọ̀ ojú omi onímọ́tò ti ń gbé àwọn onígbafẹ́ kiri. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ti di onígbàgbọ́, èyí tí kò dá wọn dúró láti bọ̀wọ̀ fún omi, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìdí èèwọ̀ ń dín kù. Ẹja tí wọ́n ń pa kò tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ sì ń bá iṣẹ́ lọ sí Kumasi. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, wọ́n ń gé igbó dáko, òjò sì ń wọ́ ilẹ̀ sínú omi. Ní 2016, UNESCO fi Bosomtwe sínú àwọn ibi tí àgbáyé ń dáàbò bò fún èèyàn àti ẹ̀dá. Òun ni ìkẹta ní Ghana lẹ́yìn Bia àti Songor. Ẹgbẹ́ A Rocha Ghana wà lára àwọn tó bá àwọn ìletò náà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, láti jẹ́ kí àwọn ará ìletò fúnra wọn máa ṣọ́ igbó àti omi wọn.

Ní oṣù Karùn-ún 2024, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ya wọ ààfin Manhyia ní Kumasi láti wo ohun-èlò wúrà àti fàdákà 32 tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì ní London yá Asantehene, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti inú ìkógun ọdún 1874. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wúrà ní gíláàsì àti ẹ̀ṣọ́. Òkú igi Bosomtwe kò ní nǹkan kan, omi ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó sì lè sọ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn àgbà nípa rẹ̀ ń dàgbà.

Sawaba mọ bí irú àdánù yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Sawaba, ọ̀rọ̀ Haúsá tó túmọ̀ sí ìdẹ̀ra, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí Haúsá, Mossi, Dagomba àti Yorùbá jọ ń gbé. Àlátà ni wọ́n ń pe Yorùbá lọ́hùn-ún. Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìgbòho ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó lọ sí Ghana ti wá. Lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ìdílé ta ọjà wọn lọ́pọ̀, àwọn mìíràn fi ilé sílẹ̀. Ohun tí wọn kò lè rù ni ìmọ̀ àdúgbò: ẹni tó kọ́ mọ́ṣáláṣí, ẹni tó kọ́kọ́ kó aṣọ dé ọjà Kumasi, ibi tí wọ́n sin ìyá àgbà sí. J. S. Eades gba ìtàn àwọn oníṣòwò Yorùbá ti àríwá Ghana sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Strangers and Traders, tó jáde ní 1993. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà àṣẹ Busia ti lé ní ọgọ́ta báyìí. Wọ́n ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, wọ́n ṣì ń gbọ́ Twi. Fóònù tí ọmọ-ọmọ wọn ń fi ya fọ́tò lè gba ohùn wọn sílẹ̀ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.

Fún ẹni tó bá ní ìdí láti lọ sí Kumasi, tó sì fẹ́ dé Abono, ọjọ́ Àìkú ni èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ jù, ọjọ́ náà gan-an sì ni padua máa ń wà létí omi láìṣiṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ mìíràn ló dára. Kí ó mú ẹnìkan láti ìletò dání, ẹni tó ti dàgbà bó bá ṣeé ṣe, kí ó sì ní kó fi ibi tí omi dé nígbà tó wà lọ́mọdé hàn òun.