Ẹjọ́ Akamai àti Limelight: Ta Ló Jẹ̀bi Nígbà Tí Ọwọ́ Méjì Bá Pín Iṣẹ́ Ṣe?

Ojú-ewé ayélujára tí ènìyàn ń wò lórí fóònù kì í sábà wá láti ibì kan ṣoṣo, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ojú-ewé náà, kí àwòrán àti fídíò sì wá láti orí sáfà mìíràn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú nǹkan tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó wọn jọ yìí ló gbé Akamai àti Limelight, ilé-iṣẹ́ méjì tó ń bá àwọn tó ni ojú-ewé fi irú àwòrán àti fídíò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ nígbà náà, dé kóòtù ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tom Leighton àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì MIT, Daniel Lewin, ló hùmọ̀ ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń sàmì sí àdírẹ́sì àwòrán, kí ìbéèrè òǹwòran lè yà sí sáfà tó yẹ, dípò kí gbogbo ayé máa rọ́ lu ẹ̀rọ kan ṣoṣo títí yóò fi dẹnu kọlẹ̀. Lọ́dún 2000 ni MIT gba páténtì lórí rẹ̀, èyí tí í ṣe ìwé-ẹ̀tọ́ tó ka lílo ìhùmọ̀ kan léèwọ̀ fún ẹni tí kò gbàṣẹ, Akamai ló sì gba ẹ̀tọ́ náà lò.

Nígbà tí Akamai pe Limelight lẹ́jọ́ ní 2006 pé ó lo ìhùmọ̀ yìí láìgbàṣẹ, Limelight wí àwíjàre pé àwọn oníbàárà òun ló ń fọwọ́ ara wọn sàmì, àti pé kò sí ẹnì kan tó dá gbogbo ìgbésẹ̀ inú páténtì náà ṣe. Ní 2008, ìgbìmọ̀ aráàlú tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí Limelight san owó tó lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà adájọ́ gba àwíjàre Limelight, ó sì fagi lé e. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2014, wọ́n sọ pé a kò lè dá ẹnì kan lẹ́bi pé ó ti ẹlòmíràn sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá.

Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, tí wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí, ló tú iṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò ní 2015. Wọ́n rí i pé ìwé àdéhùn Limelight fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di dandan kí oníbàárà sàmì kó tó lè jàǹfààní iṣẹ́ náà, àti pé ilé-iṣẹ́ náà ló ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe ṣe é ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ oníbàárà di iṣẹ́ ọwọ́ Limelight. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀: ẹni tó bá ń darí ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́.