Kírétì ẹyin di ọpọ́n ayò

Bí ọyẹ́ bá ti le báyìí, inú ilé làwọn ọmọ wa ní Sabon Gari níhìn-ín ní Kánò máa ń wà, tẹlifíṣàn a sì gbà wọ́n lọ́wọ́ wa. Èyí tó ká mi lára jù ni pé, bí ẹ bá ní kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ka ọsàn lásán ní Yorùbá, wọn ò ní kọjá ẹ̀wá tí wọ́n á fi yà sí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Haúsá. A ti bá wọn wí títí, ó ti sú wa. Ayò lè kọ́ wọn láìsí pàṣán.

Kò dìgbà tí ẹnì kan bá ru ọpọ́n onígi wá láti ilé. Ẹ wá kírétì ẹlẹ́yin ọgbọ̀n (30). Ìlà márùn-ún ló ní, ojú mẹ́fà-mẹ́fà ló sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ìlà méjì, ọpọ́n olójú méjìlá ti délẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ọmọ ayò gidi, ọmọ àjàgbọn táwọn Haúsá ń pè ní tsamiya dára púpọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ ka méjìdínláàádọ́ta (48), mẹ́rin-mẹ́rin sójú kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu sún mọ́ ọn o.

Ẹni tó kàn á kó gbogbo ọmọ inú ojú kan níwájú ara rẹ̀, á máa jù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún, títí yóò fi yí sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Bí èyí tó jù kẹ́yìn bá sọ ojú ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, á kó o mọ́ ọn. Kò gbọdọ̀ febi pa ẹnìkejì: bí iwájú onítọ̀hún bá ṣófo, àfi kó ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bó bá wà. Ẹni tó bá jẹ márùndínlọ́gbọ̀n (25) ti borí. Bí wọ́n bá jẹ mẹ́rìnlélógún (24) dọ́gba, ọ̀mì ni.

Òfin kan ni mo fi kún un nílé tèmi: Yorùbá la fi ń ka ohun tá a bá jẹ, sókè ketekete. Ẹni tó bá yà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ti pàdánù ìyẹn.

Ọmọ aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Haúsá wá bá wa níbẹ̀, ó ní kírétì odindi bá dárà mu. Òótọ́ ni, ojú ọgbọ̀n náà ni dárà ń lò. Òkúta méjìlá lọ́wọ́ ọ̀kan, igi wẹ́wẹ́ méjìlá lọ́wọ́ èkejì, ẹni tó bá to mẹ́ta sórí ìlà kan á mú ọ̀kan nínú tẹnìkejì. Ó kọ́ wa ní dárà, àwa náà kọ́ ọ láyò, ó sì ń ka iye tó bá jẹ ní Yorùbá báyìí.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti di ọ̀ta. Bó bá ti jẹ mí, á ní, "Bàbá, òpè ni yín!" Nídìí ayò nìkan ni mo ti ń gbà á fún un.