Ẹ Rọra Bomi La Ọ̀dà

Ẹ̀yin ará wa ní Achara Layout àti ní gbogbo Enugu, ẹ ti gbọ́ pé bàbá wa tí ó pẹ́ jù lọ nínú ẹgbẹ́ ń padà sí Ọ̀fà ní ìparí oṣù yìí. Wọ́n ti wà níhìn-ín kí ogun tó bẹ́ ní 1967, wọ́n sì tún padà wá nígbà tí ó parí ní 1970. Ìdí ọkọ̀ èédú ni wọ́n ti jẹun. Ilé wa rò ó pé kí ni a ó fún àgbà tí kò ṣaláìní aṣọ? A ní kí a kan wágùn èédú kékeré fún wọn, kí wọ́n gbé e sórí tábìlì nílé, nítorí èédú ni ó mú ojú irin ti Port Harcourt dé Enugu ní 1916.

Àbúrò wa tí ó wà ní London fi wágùn oníke náà ránṣẹ́ ní wẹ́wẹ́, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti ìgò ọ̀dà akirílíìkì. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:72, ìyẹn ni pé ínṣì 72 lára ọkọ̀ gidi di ínṣì 1 lára tiwa. Tító o pọ̀ kò nira. Ọ̀dà ni ó fẹ́ dójú tì wá.

Lákọ̀ọ́kọ́, a kùn ún láti inú ìgò bí ẹni ń kun ògiri. Orí ìṣó kéékèèké tí ó wà lára wágùn bá pòórá. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ọ̀dà tí ó nípọn tó ìdajì mìlímítà lára nǹkan kékeré yìí dà bí mìlímítà 36 lára ọkọ̀ gidi. Ìṣó wo ni yóò hàn lábẹ́ rẹ̀? A fi sípírítì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù bó o kúrò. Lẹ́ẹ̀kejì, a da omi sí i yàà. Ọ̀dà ń yí gbirigbiri bí omi orí ewé kókò. Ẹnì kan ní kí a fi pẹtiróòlù là á. Ìyàwó ilé figbe ta, nítorí sítóófù ń jó lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí ewu iná, pẹtiróòlù kì í bá ọ̀dà olómi pò, ó sì lè ba ike jẹ́.

Ọ̀gá kan, ọmọ Ígbò, tí ń kọ pátákó ládùúgbò wa, ni ó gbà wá. Ó ní, "Nwayọ, nwayọ." Ohun tí ó kọ́ wa nìyí:

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ike náà, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, nítorí òróró ilé iṣẹ́ lè wà lára rẹ̀. Ẹ bu ọ̀dà díẹ̀ sínú ọmọrí, kí ẹ máa kán omi mímọ́ sí i ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ṣàn bíi wàrà. Kí ó má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oje akirílíìkì ni ó so àwọ̀ pọ̀. Bí omi bá pọ̀ jù, oje náà yóò fọ́n ká, ọ̀dà kò sì ní lẹ̀ dáadáa.

Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó gbẹ, kí ẹ tó tún un kùn. Bí ti àkọ́kọ́ bá rí ṣákiṣàki, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a kun tiwa. Ẹ tètè fọ búrọ́ọ̀ṣì, nítorí bí ọ̀dà yìí bá ti gbẹ, omi kò lè yọ ọ́ mọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni omi yẹ bákan náà: Tamiya ti ilẹ̀ Japan ní ohun ìlàdà tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní X-20A, Vallejo ti ilẹ̀ Spain gba omi. Ẹ ka ara ìgò, kí ẹ sì dán an wò lára ike àjẹkù.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, bàbá gba wágùn náà lọ́wọ́ wa. Wọ́n fi ìka tọ́ orí ìṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Bó ṣe rí náà nìyí. Ẹ ò bo nǹkan kan mọ́ mi lójú."

Ẹ̀yin ará, ẹ yà kí bàbá kí wọ́n tó lọ. Ẹ má gbàgbé ìyá ìbejì wa tuntun pẹ̀lú. Tọkùnrin tobìnrin ni, àlàáfíà ni wọ́n wà. Olúwa yóò mú kálukú wa délé láyọ̀.