Ṣé o mọ̀? Ère ń jà lórí oníjó

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ère kan wà lórí igi tí oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń gbé sórí, tí àwọn ère náà sì máa ń mira lójú agbo? Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá a máa so okùn mọ́ ẹyẹ, ejò tàbí ènìyàn kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ sórí igi náà, okùn á wá gba inú aṣọ sọ̀ kalẹ̀. Bí oníjó bá ti rọra fà á, ẹyẹ á máa ṣá ejò lórí. Àwọn ará Yúróòpù, òkè ni wọ́n ti sábà máa ń fa okùn ère tiwọn. Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìsàlẹ̀ ni. Iṣẹ́ ńlá gbáà ni, torí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣi ìlù!