Aláìsàn Tí Kì Í Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn: Kí Ni Ó Ń Wá?

Ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ìlú Ọba, àwọn nọ́ọ̀sì tí ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì a máa mọ àwọn kan lórúkọ. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́, wọn kì í sì í ṣe ìbátan wọn. Aláìsàn ni wọ́n, tí wọ́n wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, tí wọ́n sì tún wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Lónìí, àyà ni ó ń dun onítọ̀hún. Lọ́jọ́ mìíràn orí ni, tàbí èémí tí kò já geere. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a ó fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀, a ó sì sọ fún un pé kò sí ewu. Yóò dìde, yóò padà sí yàrá kan ṣoṣo tí ó ń dá gbé. Kí oṣù tó parí, ámbúláǹsì yóò tún gbé e dé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwa ọmọ ìjọ náà kò sì yọ sílẹ̀, a máa yára dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. A ó ní ó kàn fẹ́ràn àìsàn ni, tàbí pé ó ń fi àkókò dókítà ṣòfò. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ti rí nípa rẹ̀, àti irú ìtọ́jú kan tí kì í ti inú ìgò oògùn jáde, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní social prescribing. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ, nítorí inú ilé ìjọsìn ni ọ̀kan nínú àwọn gbòǹgbò rẹ̀ ti hù.

Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ẹgbẹ́ Red Cross ti Ìlú Ọba gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí wọ́n ń lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní ìgbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ọdún kan. Wọn kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní England; iye wọn lé díẹ̀ ní 367,000. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n ni ìdá 16 nínú 100 gbogbo àbẹ̀wò sí ẹ̀ka náà, ìdá 29 nínú 100 ìrìnàjò ámbúláǹsì, àti ìdá 26 nínú 100 ìgbà tí a dá ènìyàn dúró sí ilé ìwòsàn. Owó tí ó ń bá a lọ kò dín ní £2.5 bílíọ̀nù lọ́dún.

Ta ni wọ́n? Àwọn arúgbó pọ̀ nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti lè rò. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 20 sí 49 náà pọ̀, pàápàá ní àwọn àdúgbò tí òṣì pọ̀ sí. Bí a bá fara balẹ̀ tọ ipasẹ̀ wọn padà, a sábà máa ń bá ohun kan tí ó wó lulẹ̀ lẹ́yìn wọn: ìgbéyàwó tí ó tú, iṣẹ́ tí ó bọ́, olólùfẹ́ tí ó kú, ilé tí a lé wọn kúrò nínú rẹ̀, tàbí ọtí tí ó di ọ̀gá. Ìrora wọn kì í ṣe irọ́. Ara tí kò rí oorun sùn fún oṣù mẹ́ta, tí kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀, a máa dun ènìyàn ní tòótọ́.

Olùkàwé tí ó wà nílé ní Nàìjíríà lè béèrè pé, níbo ni wọ́n ti ń rí owó? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé láti ọjọ́ 5 Oṣù Keje ọdún 1948 tí ètò ìlera ìjọba, NHS, ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá wọ ẹ̀ka pàjáwìrì kì í kọ́kọ́ san kọ́bọ̀ kí a tó tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́ nìkan ni ó ń fà wọ́n. Bí ìbẹ̀rù bá gbé ènìyàn ní aago méjì òru, ilẹ̀kùn wo ni ó ṣí? Ọ́fíìsì ilé gbígbé ti tì, dókítà àdúgbò ti tì, ilé ìjọsìn náà ti tì. Ilé ìwòsàn nìkan ni iná rẹ̀ ń jó, tí ẹnì kan sì jókòó níbẹ̀ láti béèrè pé, “Kí ni ó ṣe yín?”

Ohun tí ìtọ́jú yìí ń ṣe kò le láti lóye. Dípò kí dókítà kọ orúkọ oògùn sínú ìwé, orúkọ ènìyàn ni ó ń fún aláìsàn. Ẹni náà ni a lè pè ní alárinà. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í kọ oògùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó ti aláìsàn, kí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìparí, ohun tí dókítà tí ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré kò lè ṣe. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe “Kí ni ó ń dùn yín?” bí kò ṣe “Kí ni ó jẹ yín lógún?” Lẹ́yìn èyí ni yóò mú un lọ, nígbà mìíràn ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀, sí ibi tí ohun tí ó nílò wà: ọ̀dọ̀ agbaninímọ̀ràn lórí gbèsè, ọgbà tí àwọn ará àdúgbò jọ ń dáko, ẹgbẹ́ akọrin, tàbí ilé oúnjẹ tí àwọn òpó ń péjọ sí. Bí aláìsàn bá kọ̀, a kì í fi ipá mú un.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí gbòǹgbò tí a mẹ́nu bà. Ní ọdún 1984, a gbé òjíṣẹ́ ìjọ United Reformed kan, Andrew Mawson, lọ sí Bromley by Bow ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan bí àgbàlagbà méjìlá ni ó bá nínú ilé ńlá tí ó ti ń gbó lọ. Kàkà kí ó máa dúró de ogunlọ́gọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ó ṣí ilé náà sílẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Ilé ìtọ́jú ọmọdé wọ inú gbọ̀ngàn ìsìn gan-an, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti ayàwòrán gba yàrá, wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn dípò owó. Ní ọdún 1997, ilé ìwòsàn àdúgbò ṣí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti rí i pé àwọn lè fi aláìsàn ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹni tí ó wà ní yàrá kejì: ọ̀kan lọ sí ọgbà, ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn. Mo fẹ́ kí àwọn àlùfáà wa kíyè sí i pé kì í ṣe owó ni ó kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ìjọ náà. Ilé ni wọ́n ní, wọ́n sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ní Blackpool, ìlú etí òkun, òṣìṣẹ́ ámbúláǹsì kan, Rhian Monteith, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pe ámbúláǹsì jù lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn gan-an lórí tẹlifóònù kí wọ́n tó pe òun, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, kì í ṣe bí ìṣòro. NHS tan ọ̀nà rẹ̀ ká àwọn ìlú mìíràn lẹ́yìn náà. Ní Frome, ní Somerset, dókítà Helen Kingston àti àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 2013. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ inú ìlú sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn ará ìlú lásán láti máa tọ́ka ọ̀nà fún aládùúgbò. Títí di ìparí ọdún 2017, ìgbàwọlé pàjáwìrì láti Frome dín ní ìdá 14 nínú 100, nígbà tí ti Somerset lápapọ̀ fi ìdá 28.5 pọ̀ sí i. Ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, NHS kéde pé òun yóò gba alárinà tí ó lé ní 1,000 síṣẹ́ kí ọdún ìnáwó 2020 sí 2021 tó parí.

Síbẹ̀, kò yẹ kí á fi ìdùnnú gbàgbé òtítọ́. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì York yẹ ìwádìí 15 wò lórí social prescribing, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rí inú wọn kò lágbára tó. Ìṣòro náà nìyí: ọdún tí nǹkan le jù fún ènìyàn ni a máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Odò tí ó kún ní Oṣù Kẹsàn-án yóò fà ní Oṣù Kejìlá, yálà a bẹ̀ ẹ́ tàbí a kò bẹ̀ ẹ́. Ní Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, dókítà Jeffrey Brenner dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí a ń dá dúró sí ilé ìwòsàn léraléra, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Nígbà tí a wá pín aláìsàn 800 sí ọ̀nà méjì bí ẹní ṣẹ́ gègé, èsì tí ó jáde ní ọdún 2020 bà wá lọ́kàn jẹ́: láàrin ọjọ́ 180, ìdá 62.3 nínú 100 àwọn tí a ràn lọ́wọ́ ni ó padà sí ilé ìwòsàn, àti ìdá 61.7 nínú 100 àwọn tí a kò ràn lọ́wọ́.

Èmi kò ka èyí sí ìdí láti pa iṣẹ́ náà tì. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé alárinà kì í kọ́lé. Bí kò bá sí yàrá tí ẹni tí kò nílé lè sùn sí, bí kò bá sí ẹni tí yóò gba opó náà wọlé ní ọjọ́rú, ìwé tí dókítà kọ dà bí ìwé oògùn ní ìlú tí kò ní ilé oògùn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọ. Ìwádìí kan ní ọdún 2013 ka nǹkan bí ìjọ 240 tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn ní Southwark nìkan, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ìjọ tí a ti ń kọrin ní èdè Yorùbá sì wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ Àìkú, tí ó sì wà ní títì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A máa ń sọ pé ènìyàn ni aṣọ wa, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ mú wá sí Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì ń jí lọ síṣẹ́ ní aago márùn-ún òwúrọ̀, lè wà láàrin wa fún ọdún mẹ́wàá kí ó má rí ẹni bá jẹun ní ọ̀sán.

Ìjọ tí ó bá fẹ́ kópa lè bẹ̀rẹ̀ nípa kíkàn sí ilé ìwòsàn àdúgbò láti béèrè orúkọ alárinà wọn, kí ó sì sọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn òun yóò ṣí, ohun tí ó wà níbẹ̀, àti bóyá ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́ lè wá láìsí pé a wàásù fún un kí ó tó jẹun. Ohun méjì ni kí á ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, ẹni tí àyà ń dùn gidigidi kò gbọdọ̀ dúró de ìpàdé ìjọ. Ámbúláǹsì ni kí a pè, ì báà jẹ́ ìgbà ogún ni ó ti pè é rí. Èkejì, ẹni tí dókítà rán wá kì í ṣe ẹ̀rí tí a ó jẹ́ níwájú ìjọ. Kí a má pe orúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ, kódà nínú àdúrà, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá yọ̀ǹda.